Ìka Tó Bá Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìwé Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Yorùbá Kà Lórí Ìrọ̀rùn Ìlò Ẹ̀rọ

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wẹ̀yìn wá ni òkúta tàbí gbòǹgbò tí ó gbé e ṣubú. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìlò ẹ̀rọ mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí, tàbí tí ìyá àgbà dúró síwájú ẹ̀rọ ATM tí ẹ̀rọ náà gbé káàdì rẹ̀ mì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó wà nítòsí ni pé ẹni náà kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹni náà pàápàá yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kí ó béèrè bóyá àwọn tí ó ṣe é ro ti ẹni tí yóò lò ó.

Ìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa béèrè ìbéèrè yìí. Òun ni ìmọ̀ ìrọ̀rùn ìlò, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ó ṣe yẹ kí ohun-èlò rí kí ó lè bá ọwọ́, ojú àti ọpọlọ ẹni tí ń lò ó mu. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìwé mẹ́ta nínú ìmọ̀ yìí yẹ kí ó wọ inú àkójọ ìwé kíkà ní ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, kí a má fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan. Ìdí ni pé ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n fi ń kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lemọ́lemọ́, ìyẹn ẹ̀sùn àìfi àmì ohùn sí iṣẹ́ tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀. Adájọ́ tí kò mọ ohun tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń sọ kò lè dá ẹjọ́ náà ní ìdájọ́ òdodo.

Ibi Tí Ìmọ̀ Yìí Ti Ṣẹ̀

Ìmọ̀ ìrọ̀rùn ìlò ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí i pé àwọn awakọ̀ B-17 kan máa ń balẹ̀ láyọ̀ tán, kí wọ́n tó wá ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sókè, tí ọkọ̀ yóò sì fi àyà gúnlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àṣìṣe awakọ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ni ó lọ wo inú ọkọ̀ náà. Ó rí i pé ohun ìdarí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun ìdarí awẹ́ ẹ̀yìn apá ọkọ̀ rí bákan náà, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Awakọ̀ tí ó ti rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà níta, kò lè fi ọwọ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Chapanis fi rọ́bà tí ó rí roboto bíi táyà kékeré sí orí ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì fi ohun tí ó rí bí èèkàn pẹlẹbẹ sí orí èkejì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ awakọ̀ ti lè mọ èyí tí ó dì mú láìwò ó. Kò sí awakọ̀ kankan tí wọ́n tún kọ́ níṣẹ́. Ohun-èlò ni wọ́n tún ṣe.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ọdún 1979, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọ̀nà kan tí omi ń gbà jáde kọ̀, kò padé. Ṣùgbọ́n iná kékeré tí ó wà lójú ẹ̀rọ ìdarí kú, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé ọ̀nà náà ti padé. Ohun tí iná náà ń sọ kò ju pé a ti pàṣẹ kí ọ̀nà náà padé. Kò sọ bóyá ó padé lóòótọ́. Omi tí ó yẹ kí ó máa mú ẹ̀rọ náà tutù ń jò fún ohun tí ó lé ní wákàtí méjì, apá kan nínú ọkàn ẹ̀rọ náà sì yọ́. Donald Norman wà lára àwọn tí wọ́n pè láti wá ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ohun tí ó rí ni pé ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe to yàrá ìdarí náà ni ó ń ti ènìyàn sínú àṣìṣe.

Ìwé Àkọ́kọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ìlẹ̀kùn

Norman yìí kan náà ni ó kọ ìwé tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ kà, "The Design of Everyday Things". Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1988 pẹ̀lú àkọlé "The Psychology of Everyday Things", nígbà tí Norman jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní San Diego. Ó tún un ṣe, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 2013. Ẹ̀dà ti 2013 ni ó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ni Norman fi lélẹ̀ kí ó tó kan kọ̀ǹpútà. Ìlẹ̀kùn kan wà tí ó ní ohun ìdìmú, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ tì í kí ó tó ṣí. Ọwọ́ yóò fà á, kò ní í ṣí. Ẹni náà yóò wo yányàn-án, ojú yóò tì í. Norman ní bí ohun tí kò díjú bí ìlẹ̀kùn bá nílò àkọlé kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n ṣí, ẹni tí ó ṣe ìlẹ̀kùn ni ó kùnà. Ohun-èlò tí ó dára ń fi ìrísí rẹ̀ sọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí kò gúnyán rí, bí ó bá rí ọmọ odó, yóò mọ ibi tí ọwọ́ ń gbé e mú, nítorí pé àárín rẹ̀ gba ọwọ́, orí rẹ̀ sì tóbi.

Norman tún ya ohun tí nǹkan lè ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àmì tí ó ń fi hàn pé ó lè ṣe é. Kò ní í pẹ́ kí èyí tó yé olùkọ́ Yorùbá, nítorí pé àṣà àrokò àti ààlẹ̀ ti là á lọ́yẹ. Ìkarahun ìgbín tàbí àkísà tí wọ́n so mọ́ ìdì igi lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé igi náà ní ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ààlẹ̀ kì í bá àjèjì tí kò mọ àṣà sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán disk pẹlẹbẹ tí ó túmọ̀ sí pé kí a fi iṣẹ́ pamọ́ kò jẹ́ nǹkankan lójú ọmọ tí kò rí irú disk bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní í pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo.

Ohun méjì mìíràn wà nínú ìwé náà tí ó kan ìdájọ́ tí à ń bọ̀ wá dá. Èkíní ni pé ọ̀gbun méjì ni ó máa ń wà láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ: ọ̀kan wà láàárín ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe àti ọ̀nà tí ẹ̀rọ fún un láti ṣe é, èkejì wà láàárín ohun tí ẹ̀rọ ṣe àti bí ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ó ṣe é. Èkejì ni pé àṣìṣe kò rí bákan náà. Àṣìṣe ọwọ́ wà: ẹni náà mọ ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Àṣìṣe èrò sì wà: ohun tí ó fẹ́ ṣe gan-an ni kò tọ́. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn.

Ìwé Kejì àti Ìkẹta: Bí A Ṣe Ń Dán Ohun-Èlò Wò

Bí Norman bá la ojú ẹni, Steve Krug yóò fi iṣẹ́ lé ẹni lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀, "Don't Make Me Think", jáde ní ọdún 2000. Ẹ̀dà kẹta jáde ní 2014. Ìwé tín-ín-rín ni, èdè rẹ̀ sì rọrùn. Krug ní àwọn ènìyàn kì í ka ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fi ojú wá ohun tí wọ́n ń fẹ́ káàkiri, èyí tí ó bá sì kọ́kọ́ jọ ọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà. Olùkọ́ tí ó bá ka orí tí Krug fi sọ èyí yóò padà lọ wo ìbéèrè ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ, nítorí pé ìtọ́ni tí ó gùn, tí ó lọ́jú pọ̀, máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ohun tí wọn kò bi í.

Ìwé kẹta, "Usability Engineering" tí Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ní ọdún 1993, wúlò fún àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì jù. Àwọn àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n márùn-ún tí ó gbé kalẹ̀ kò gbó: ṣé ohun-èlò náà rọrùn láti kọ́? Ṣé iṣẹ́ ń yá pẹ̀lú rẹ̀ fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n? Bí ènìyàn bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣé yóò rántí bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ṣé àṣìṣe kò pọ̀ níbẹ̀, ṣé ó sì ṣeé tún ṣe? Ṣé ó tẹ́ òǹlò lọ́rùn? Nielsen ni ó tún jẹ́ kí ó di mímọ̀ káàkiri pé ìdánwò kò nílò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ènìyàn márùn-ún péré bá lo nǹkan lójú ẹni, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù rẹ̀ yóò ti hàn. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí irú àwọn òǹlò bá yàtọ̀ síra gan-an, ó yẹ kí wọ́n dán an wò lọ́dọ̀ irú kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé tí ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí ṣeé lò ní Nàìjíríà. Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2013, nígbà tí ó sì di 2015, kò sí ti orí ìwé mọ́. Àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kan máòsì rí wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ní ọdún 2017, àjọ náà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò rẹ̀ tán: A, B, C àti D fún ìdáhùn, mẹ́rin yòókù fún lílọ síwájú, pípadà sẹ́yìn, fífi iṣẹ́ sílẹ̀ àti yíyí ìpinnu padà. Máòsì kò pọn dandan mọ́. Ìdánwò náà kò rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n mú kúrò ni ìnira tí kò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò.

Àmì Ohùn Lórí Kíbọ́ọ̀dù

Ibi tí gbogbo èyí ti kan ẹ̀ka Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Kò sí ẹni tí ń jiyàn pé ó ṣe pàtàkì. Láìsí i, igba tí í ṣe iye, igbá tí wọ́n fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ kò ní í yàtọ̀ síra lójú ìwé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ ni àmì kò pé sí lára. Ìdájọ́ tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọn kò fẹ́ràn èdè wọn.

Kí ìdájọ́ náà tó múlẹ̀, ó yẹ kí a wo ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré bí "ọ̀rẹ́" kò ju létà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n àmì mẹ́rin ni ó wà lára rẹ̀: ọ̀kan lábẹ́ àti ọ̀kan lórí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú bírò, kò gba ju ìfọwọ́kàn mẹ́rin lọ. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ tí yóò jókòó lórí fáwẹ́lì. Ẹni tí kò ní kíbọ́ọ̀dù mìíràn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ohun tí ó ń kọ, kí ó ṣí àtẹ àmì, kí ó wá létà náà láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí ó yàn án, kí ó sì padà. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, yóò ti gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ. Ọ̀gbun àkọ́kọ́ tí Norman sọ nìyí.

Ọ̀gbun kejì fara sin ju èyí lọ. Unicode, ìlànà àgbáyé tí ó fún létà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ tàbí ẹ́. Àkànpọ̀ ni wọ́n. Létà ọ̀ lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ ò pẹ̀lú àmì abẹ́. Ó sì lè jẹ́ o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ láti so wọ́n pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan tún máa ń fi ìlà kékeré tí ó dúró gán-án sí abẹ́ létà dípò àmì róbótó, èyí tí kọ̀ǹpútà kà sí ohun mìíràn pátápátá. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè wá "ọ̀rẹ́" nínú iṣẹ́ tí ó ń rí ọ̀rọ̀ náà lójú kòrókòró, tí kọ̀ǹpútà yóò sì dá a lóhùn pé kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ohun tí ó tọ́, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé kò ṣe é.

Lónìí, oríṣiríṣi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà fún kọ̀ǹpútà àti fún fóònù. Gboard ti Google ní ti Yorùbá. Nítorí náà, ìbéèrè ti kúrò ní bóyá kíbọ́ọ̀dù wà. Ó ti di èwo ni ó rọrùn jù. Ẹ̀rí wà pé ìrọ̀rùn ṣeé ṣe. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò lo c, q, v, x àti z. Bọ́tìnnì márùn-ún ni wọ́n. Ohun tí Yorùbá sì nílò kún ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀: márùn-ún náà ni. Àyè tí ó ṣófo bá ohun tí à ń wá dọ́gba. Àmọ́ ẹni tí ó bá tò ó báyìí yóò pàdánù c nígbà tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ Crowther. Ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn òǹlò nìkan ni ó lè sọ bóyá èrè náà ju àdánù rẹ̀ lọ.

Àwọn Àtakò

Àwọn kan yóò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í fi àmì sí iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ pàápàá, nítorí náà kíbọ́ọ̀dù kọ́ ni ó jẹ̀bi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ibí gan-an ni ìyàtọ̀ àṣìṣe ọwọ́ àti àṣìṣe èrò ti wúlò. Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan náà, kí ó fi bírò kọ ọ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́. Bí àmì bá tọ̀nà lórí ìwé tí kò sì sí lórí èyí tí ó tẹ̀, ohun-èlò ni kí wọ́n tún ṣe. Bí méjèèjì bá wọ́, ẹ̀kọ́ lórí ohùn ni kí wọ́n padà sí. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣùgbọ́n ọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ìrọ̀rùn a máa sọ ọmọ di ọ̀lẹ, àti pé ẹ̀kọ́ tí kò ni ènìyàn lára kì í dúró lórí. Ẹ̀kọ́ le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ń fi ọkọ́ kíkú kọ́ ọmọ rẹ̀ ní aápọn. Oko ni ó yẹ kí ó le, kì í ṣe èèkù ọkọ́. Mímọ ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ làágùn lé lórí. Wíwá àmì láàárín àtẹ kò kọ́ ọ ní ohùn kankan.

Àtakò kẹta ni pé ìwé òyìnbó ni àwọn ìwé wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ni, sítóòfù àti ìlẹ̀kùn ilé ìtajà Amẹ́ríkà ni ó kún inú wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mú nínú wọn ni ọ̀nà ìwádìí. Àpẹẹrẹ pọ̀ nílé.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Àkọ́kọ́, kí àwọn ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ilé-ìkàwé ẹ̀ka, kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Norman, kí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Krug. Kí ti Nielsen wà fún àwọn olùkọ́ tí yóò darí ìwádìí. Èkejì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta, kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún láti ìpele kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ àyọkà kan náà lójú olùkọ́. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí ó máa wo ibi tí ọwọ́ ti dúró àti ibi tí ojú ti dàrú. Èyí tí ó bá yege ni kí ẹ̀ka fi sórí gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lílò rẹ̀ kí wọ́n tó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni. Ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi ṣe èyí, kò tọ́ kí wọ́n máa yọ máàkì nítorí àmì ohùn tí kò sí lórí iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀. Ti iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ kò yí padà. Níbẹ̀, kí òfin dúró gbọn-in.

Ìkádìí

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá yọ máàkì rẹ̀ lónìí nítorí ohun tí kíbọ́ọ̀dù kò jẹ́ kí ó ṣe yóò di olùkọ́ lọ́la. Bí ohun tí ó bá kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá jẹ́ pé ẹni tí ó ṣubú ni ó máa ń jẹ̀bi, ohun tí yóò máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ náà yóò sì kọ Yorùbá sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò fún wọn ní ìṣòro níbẹ̀. Èdè tí ó bá ṣòro láti tẹ̀ kò ní í pẹ́ di èdè tí wọn kì í tẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ka Yorùbá ni ó kù sí láti wẹ̀yìn wo gbòǹgbò tí ó ń gbé ọmọ ṣubú, kí wọ́n sì hú u kúrò lọ́nà.